Ooru Sàlẹ́ńsà Alùpùpù àti Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Wa

Bí a bá ní kí gbogbo àgbàlagbà tí ó pésẹ̀ síbi àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tàbí etí ìró wọn sókè díẹ̀, n kò ṣiyèméjì pé a óò rí àpá kan náà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn: àpá gbọọrọ tàbí roboto, tí ó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ara yòókù, ní ẹ̀yìn ojúgun. Bí a bá tún wò ó dáadáa, a óò rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó pọ̀ sí jù. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè mọ́ pé kí ni ó fà á. “Ọ̀kadà ni ó jó mi,” ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn àgbà ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ènìyàn tí sàlẹ́ńsà ti jó lẹ́ẹ̀mejì àti lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn kì í sì í ṣe aláìgbọ́n.

Nígbà tí ẹgbẹ́ olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan kan láti inú ẹ̀kọ́ físíìsì tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyí. Láàárọ̀, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa kí ẹ sì máa kà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni alùpùpù ń gbé wá, ẹlòmíràn nìkan, ẹlòmíràn pẹ̀lú àbúrò méjì. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa kò bo ojúgun: ṣòkòtò kúkúrú àti síkẹ́ẹ̀tì ni. Ibi tí irin gbígbóná wà sì ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí aṣọ kò dé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà lẹ́sẹẹsẹ, kí a mọ ìdí tí ó fi ń gbóná, ìgbà tí ìgbóná rẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ, ohun tí ẹni tí ó ni alùpùpù lè ṣe sí i, àti ohun tí òbí lè kọ́ ọmọ rẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú bẹntiróòlù tí a ń dà sí alùpùpù, èyí tí ó ń yí táyà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Gbogbo ìyókù di ooru. Apá kan ooru náà ń gba ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò àwọn abẹ̀bẹ̀ irin pẹlẹbẹ yí sílíńdà ká, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá. Apá kejì ń bá èéfín lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, èéfín tí ó ń ti ẹnu fáàfù jáde lè gbóná ju 600°C lọ. Páìpù tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ níwájú ẹ́ńjìnnì ni ó kọ́kọ́ gbà á mọ́ra, lẹ́yìn náà ni sàlẹ́ńsà tí ó gùn lọ sẹ́yìn. Bí èéfín ṣe ń lọ ni ooru rẹ̀ ń dínkù, ṣùgbọ́n ìdínkù náà kò tó nǹkan fún awọ ara ènìyàn. Ẹ wọ́n omi sí ìdí sàlẹ́ńsà alùpùpù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú wá. Omi náà yóò hó ṣàà, yóò sì gbẹ kí ẹ tó ṣẹ́jú. A jẹ́ pé ó ti ju 100°C lọ.

Awọ ara wa kò nílò tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jóná. Ohun tí ó gbóná tó 44°C, tí kò ju omi ìwẹ̀ tí ó gbóná díẹ̀ lọ, lè jó awọ bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn fún wákàtí mẹ́fà. Ní 60°C, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti tó. Ní 70°C, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ti tó láti dé ìsàlẹ̀ awọ. Irin sì burú ju omi tàbí igi lọ ní ti pé kì í lọ́ra láti gbé ooru rẹ̀ fún ohun tí ó bá kàn án. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá fi sọ pé, “N kò pẹ́ lára rẹ̀, mo kàn fara kàn án ni,” òótọ́ ni ó ń sọ. Kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ pé kí ó kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Ohun mìíràn tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé sàlẹ́ńsà kì í fi hàn pé òun gbóná. Kì í pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, kì í sì í rú èéfín lára. Bí alùpùpù bá dúró, tí a sì pa á, atẹ́gùn tí ó ń tù ú lójú ọ̀nà ti dá, nítorí náà ooru inú rẹ̀ kò tètè lọ. Ọmọ tí ó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù tí bàbá rẹ̀ gbé dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. N kò fẹ́ kí a máa gbé alùpùpù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ ọwọ́ ti ń rákò, pàápàá ní alẹ́ nígbà tí iná mànàmáná kò sí.

Ní báyìí, kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún? Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní sílíńdà kan ṣoṣo: Suzuki àtijọ́, Honda CG125, Jincheng, Bajaj Boxer, TVS. Apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wọn wà. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ya àwòrán púpọ̀ nínú wọn ni Jàpáàn, àwọn mìíràn sì ti Íńdíà wá. Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí, apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà. Bí alùpùpù bá yà sí ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀, apá òsì rẹ̀ ni ó kọjú sí ẹni tí ó ń dúró dè é, sàlẹ́ńsà sì wà lódìkejì. Àwa náà ń gba òsì láyé ìgbà kan. Àwọn tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1960 sí 1970 yóò rántí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún. Ọ̀nà yí, àmì ojú pópó yí, ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ ìtukọ̀ mọ́tò sí yí. Ṣùgbọ́n sàlẹ́ńsà alùpùpù kò yí. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé bí ọlọ́kadà bá yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti gbé èrò, apá tí ó gbóná gan-an ni ó máa ń kọ sí èrò náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń gun zémidjan ní Kútọnu, nítorí apá ọ̀tún ni àwọn náà ń gbà.

N kò sọ pé àwọn tí ó ṣe alùpùpù rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi sàlẹ́ńsà sí ọ̀tún. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ọ̀nà wa àti alùpùpù wa ṣe pàdé ni ó ń kó ojúgun wa sínú ewu. Ẹ tún kíyèsí i pé irin ìdúró ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá síta kí ó lè dúró, apá òsì ni ó wà. Òsì ni alùpùpù ń fẹ̀gbẹ́ tì sí. Òsì náà ni wọ́n kan àgánrándì irin sí lára àwọn tí ó ti Íńdíà wá, kí aṣọ obìnrin tí ó bá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ má baà kó sínú táyà. Gbogbo àmì ni ó ń tọ́ka pé òsì ni ẹnu ọ̀nà alùpùpù.

Ìgbóná tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí jẹ́ ti alùpùpù tí ara rẹ̀ dá. Èyí tí ara rẹ̀ kò dá a máa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń gùn ún yóò máa ká ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?

Àwọ̀ páìpù ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa. Irin tí ó mọ́ máa ń yí àwọ̀ padà bí ooru rẹ̀ bá ṣe ń gòkè: ní nǹkan bí 230°C, yóò dà bí àwọ̀ koríko gbígbẹ, bí ó bá sún mọ́ 300°C, yóò di elésè àlùkò, lẹ́yìn náà yóò di aró. Bí páìpù ìdí ẹ́ńjìnnì bá ní aró díẹ̀ níbi tí ó ti tẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí aró náà bá ń sún lọ sẹ́yìn lóṣooṣù, tí ó ti ń dé ibi tí ẹsẹ̀ èrò ń gbé, alùpùpù náà ń sọ̀rọ̀. Àmì mìíràn ni kí sàlẹ́ńsà máa dún pàù-pàù nígbà tí a bá sọ ọwọ́ iná sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí kí agbára alùpùpù dínkù lójú òkè tí ó ti ń gùn tẹ́lẹ̀ láìmí gúlegúle.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù tí ó ń fa irú ìgbóná yìí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu. Kí bẹntiróòlù kìlógíráàmù kan tó lè jó tán pátápátá, ó nílò nǹkan bí kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Kàbúrétọ̀ ni ó ń po méjèèjì pọ̀. Bí epo bá wọ́n nínú àpòpọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ìgbóná yóò dínkù, wọn a ní epo tí ó kéré yẹ kí ó jẹ́ iná tí ó kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpòpọ̀ tí epo rẹ̀ wọ́n kì í jó kíákíá. Iná rẹ̀ a máa falẹ̀, nígbà tí fáàfù èéfín bá sì ṣí, iná ṣì ń jó lọ́wọ́. Iná tí ó yẹ kí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí písítìnì ni ó bọ́ sínú páìpù. Yàtọ̀ sí èyí, epo tí ó ń gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì a máa tu ẹ́ńjìnnì lára, bí òógùn ṣe ń tu awa náà lára. Bí epo bá kéré, ìtura náà kéré.

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye owó bẹntiróòlù sì fò láti nǹkan tí kò tó ₦200 lítà kan dé àyíká ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti di ńlá. Ọlọ́kadà tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ yóò tọ mẹkáníìkì lọ pé, “Bá mi dín in kù, ó ń mu epo jù.” Mẹkáníìkì yóò sì dín in kù. Mo mọ ìnira tí ó wà nídìí rẹ̀, n kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tí ó bá ń wá bí owó epo yóò ṣe dínkù. Ṣùgbọ́n èrè náà kò tó bí a ti rò. Alùpùpù tí epo rẹ̀ wọ́n kò lágbára, nítorí náà ẹni tí ó ń gùn ún yóò tún fún un níná sí i. Ohun tí a rò pé a fi pamọ́ ti gba ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orí písítìnì tàbí fáàfù a jóná, àtúnṣe rẹ̀ a sì gba owó epo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo wọ́n, púlọ́ọ̀gì ni ìwé tí a ó kà. Kí a gun alùpùpù náà dáadáa, kí a pa á, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a sì tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ igi fẹ́ẹ́rẹ́, bí ara bisikíìtì, àpòpọ̀ dára. Bí ó bá dúdú tí èédú bò ó, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun bí eérú, epo wọ́n, ooru sì pọ̀. Nígbà mìíràn kàbúrétọ̀ kò jẹ̀bi rárá: afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé, bí àpẹẹrẹ, láti ibi tí rọ́bà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ti so kàbúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ta omi ọṣẹ sí oríkèé náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ìdọ̀tí inú kàbúrétọ̀ náà lè dí ihò tóóró tí epo ń gbà. Epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà, tí iyanrìn àti omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní ṣe alùpùpù ní oore.

Ẹ̀bi kejì wà lọ́wọ́ fáàfù. Láàárín fáàfù àti irin tí ó ń tì í ṣí, àlàfo kékeré kan gbọ́dọ̀ wà, tí kò fẹ̀ ju sísanra bébà kan lọ, nítorí pé irin a máa gùn bí ó bá gbóná. Àlàfo yìí ni ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ díẹ̀ láàárọ̀. Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ìró náà. Wọn a ní kí mẹkáníìkì há a títí yóò fi dákẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nígbà náà, fáàfù èéfín kò ní lè pa dé mọ́, iná a sì máa yọ́ gba ẹnu rẹ̀ lọ sínú páìpù ní gbogbo ìgbà tí epo bá ń jó. Fáàfù tí ó ń dún díẹ̀ sàn ju èyí tí ó dákẹ́ pátápátá. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni kí a wọn àlàfo náà, kí a sì lo irin ìwọn rẹ̀ dípò ojú lásán.

Ní ti àwọn alùpùpù àtijọ́ tí ó ní póìntì, bí póìntì bá ti jẹ, púlọ́ọ̀gì a máa ṣáná lẹ́yìn àsìkò, ìyọrísí rẹ̀ sì jọ ti epo tí ó wọ́n: iná yóò máa jó bọ́ sínú páìpù. Àwọn ti òde òní kò ní ìṣòro yìí púpọ̀.

Sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ lè dí. Èyí wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn, irú Suzuki 100 àti Jincheng AX100. Ọ́ìlì tí kò jó tán a máa di èédú nínú sàlẹ́ńsà, yóò sì dín ojú ọ̀nà èéfín kù. Èéfín tí kò rí ọ̀nà lọ a dá ooru rẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Nínú irú sàlẹ́ńsà bẹ́ẹ̀, irin kan wà nínú tí a lè tú bóòtì rẹ̀ fà jáde láti ìdí, kí a ha èédú ara rẹ̀ kúrò.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá ń ṣe ìdàkejì. Wọ́n a yọ gbogbo ohun tí ó wà nínú sàlẹ́ńsà dànù kí alùpùpù wọn lè máa bú ramúramù láàárín ìlú. Lójú tèmi, ìwà àìlọ́wọ̀ fún aládùúgbò ni, ṣùgbọ́n kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Èéfín tí kò rí ohun tí ó dá a dúró mọ́ a máa yára jáde, afẹ́fẹ́ tí ó wọlé a sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kàbúrétọ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Kò fi epo kún un. Epo a tún wọ́n. Ooru tí irin inú sàlẹ́ńsà ìbá sì ti gbà mọ́ra tẹ́lẹ̀ a wá máa kan ara ìta rẹ̀ ní tààrà. Ariwo àti ìgbóná ni wọ́n jọ rà pọ̀.

Ẹrù pẹ̀lú ń dá kún un. Alùpùpù 100 cc tí ó gbé àgbàlagbà kan, ọmọ mẹ́ta àti àpò ìwé, tí ó ń fi jíà àkọ́kọ́ gun òkè, ń jó epo púpọ̀ nígbà tí atẹ́gùn tí ó ń tù ú kéré jọjọ. Àwọn tí ó ń gbé ní Ìdànrè tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí òkúta àti òkè ti yí ìlú ká, mọ ohun tí mò ń wí. Bí bíréèkì bá ń há díẹ̀, tàbí tí ṣéènì bá le jù, bí ìgbà tí a gbé ẹrù kún ẹrù ni. Kí a gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kí a fi ọwọ́ yí i. Bí kò bá yí fàlàlà, a ti rí ọ̀kan nínú àwọn olè tí ń jí epo. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ó ti lọ sílẹ̀ tàbí tí ó ti gbó náà kò jẹ́ kí ooru rí ibi gbà kúrò. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí kì í gbà ju nǹkan bí lítà kan lọ, nítorí náà bí díẹ̀ bá jò dànù, ó ti di púpọ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti tún gbogbo èyí ṣe, sàlẹ́ńsà yóò ṣì gbóná, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ààbò ni ó kù. Nígbà tí alùpùpù bá jẹ́ tuntun, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bo ara sàlẹ́ńsà níbi tí ẹsẹ̀ lè kàn, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín méjèèjì. Àlàfo yẹn ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé ooru kọjá. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà á jẹ́ kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ já, irin náà á bọ́ sọnù, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà. Ẹ wo alùpùpù mẹ́wàá tí ó ń gbé èrò ní ìkóríta, kí ẹ ka iye tí ó ṣì ní i. Alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà èyíkéyìí lè gé páànù tí ó nípọn díẹ̀, kí ó lu ihò sí i lára kí ó lè máa mí, kí ó sì fi bóòtì àti wáṣà gbé e kúrò lára sàlẹ́ńsà ní ìwọ̀n ìka kan. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ sàlẹ́ńsà láìsí àlàfo, asán ni. Yóò gbóná bí èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ti rí àwọn tí ó fi àkísà tàbí aṣọ jíìnsì yí páìpù ká. Kí wọ́n jọ̀wọ́ jáwọ́. Aṣọ lè gbaná, ọ́ìlì tí ó bá kán sí i ni yóò sì tètè dá iná náà sílẹ̀. Àwọn okùn pẹlẹbẹ kan wà tí a dìídì ṣe fún yíyí páìpù, tí iná kì í jó. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n a máa mu omi òjò sára, wọn a sì mú kí páìpù dípẹtà kíákíá ní irú ojú ọjọ́ wa. Irin ààbò ni mo fara mọ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe da omi tútù sí sàlẹ́ńsà kí ó lè tètè tutù: oru gbígbóná lè nà sí ènìyàn lójú, irin náà sì lè ya tàbí kí ó wọ́.

Ó wá kan àwa òbí. Kí a kọ́ ọmọ pé apá òsì ni a ti ń gun alùpùpù, òsì náà ni a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀ tí kò yẹ kí n fi pamọ́: bí alùpùpù bá dúró létí ọ̀dà, òsì rẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà kọjá. N kò lè ní kí ọmọ sá fún sàlẹ́ńsà kí ó bọ́ síwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gun alùpùpù ni ọ̀rọ̀ kàn ní àkọ́kọ́. Kí òbí sọ fún un kí ó kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, kí ó wọ inú ilẹ̀, kí ó tó dúró. Nígbà náà ni ọmọ yóò sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì, tí yóò gba ẹ̀yìn alùpùpù lọ sí ibi tí ó ń lọ, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Bí ààyè bá wà, kí ó yí alùpùpù padà kí òsì rẹ̀ lè kọ sí ibi tí ọmọ ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa há, àwọn mọ́tò àti alùpùpù sì jọ ń dù ú láàárọ̀. Bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bá ń wá iṣẹ́ tí yóò ṣe fún ọdún àjọ̀dún yìí, ibùdókọ̀ kékeré nínú ọgbà, tí alùpùpù yóò gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, tí yóò yí po, tí yóò sì gba òmíràn jáde, kò ní náni tó gbọ̀ngàn tuntun.

Kí ọmọ má ṣe wọ aṣọ ọ̀rá gun alùpùpù, nítorí ó máa ń yọ́ mọ́ awọ ara. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn ti òwú tí ó dé abẹ́ orúnkún kò lè dá ooru dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ó fún ọmọ ní àǹfààní láti ká ẹsẹ̀ kúrò. Bí ọmọ méjì bá wà lórí ìjókòó, kí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó irin ìfẹsẹ̀lé má jókòó sẹ́yìn, nítorí ẹsẹ̀ tí ó ń fì dirodiro ni ó máa ń lọ kan sàlẹ́ńsà.

Bí ó bá wá jóni ńkọ́? Omi ni, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ tàbí tí a ń fi ife bù láti inú garawa, kí ó máa ṣàn lé ojú iná náà fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ogún ìṣẹ́jú gùn lójú ọmọ tí ń sunkún, ó sì gùn lójú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gé e kúrú, nítorí ooru tí ó ti wọ inú awọ ṣì ń jó o lọ nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kúrò lára irin. Bí ibi tí ó ti jóná kò bá sún mọ́ omi, kí a má ṣe sọ pé ó ti pẹ́ jù. Omi ṣì wúlò láàárín wákàtí mẹ́ta. Omi dídì kò dára, ó ń ba awọ tí ó ti jóná jẹ́ sí i. Ọṣẹ ìfọyín, funfun ẹyin, epo pupa, òrí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, iyọ̀: mo ti rí gbogbo wọn lójú iná, kò sì sí èyí tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sé ooru mọ́nú, àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn wọlé, gbogbo wọn ni dókítà yóò sì fọ̀ kúrò kí ó tó rí ohun tí ó fẹ́ wò, ìrora mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn omi, kí a fi náílọ́ọ̀nù tí ó mọ́ tàbí aṣọ mímọ́ tí kò ní òwú ṣákaṣàka bò ó wẹ́rẹ́. Bí ó bá lé ròrò, kí a má bẹ́ ẹ. Awọ tí ó bo omi náà ni ààbò tí ó dára jù tí ọgbẹ́ ní. Kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí iná náà bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, bí ó bá wà lórí oríkèé, bí ó bá jinlẹ̀ tí ojú rẹ̀ funfun tàbí dúdú, pàápàá bí kò bá dun ọmọ náà. Iná tí kò dunni lẹ́yìn tí ó jóni jinlẹ̀ kì í ṣe ohun ayọ̀. Ó lè jẹ́ pé iṣan tí ń gbé ìrora ti jóná. Kí a béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ó máa ń mú kí ẹnu há, bí a kò bá mọ ìgbà tí ọmọ gba èyí tí ó gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ọgbẹ́ bá ti jiná, àpá rẹ̀ yóò máa yún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn yóò sì mú kí ó dúdú sí i bí a kò bá fi aṣọ bò ó. Awọ àwa ènìyàn dúdú máa ń ní àpá tí ó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá rí i pé àpá náà ń le, tí ó ń yọ sókè, tí ó sì ń tàn kọjá ibi tí iná dé, kí ẹ gbé ọmọ padà sí ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí ó ṣì kéré. Àwọn abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n lè gún sínú rẹ̀ láti mú un rọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí àpá tí kò tíì pẹ́ ju èyí tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lọ.